Géèjì mélòó ló tọ́ sí táyà jíìpù tí ẹ ti gbé irin, wíńṣì àti kárià lé?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn onímọ́tò. Ẹnì kan á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jó bọ́ńpà onírin mọ́ iwájú Hilux òun, wíńṣì tí wọ́n fi ń fa mọ́tò tó bá rì wà nínú ẹ̀, kárià wà lórí, bátìrì kejì wà lẹ́yìn, géèjì mélòó wá ni kí òun máa fún táyà báyìí? Kíá, ìdáhùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò: 35 yípo, 40 yípo, fọ́kánáísà àdúgbò á ní ẹ gbé e sí 45 kẹ́ ẹ lọ sinmi. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ iye tí mọ́tò ẹ̀ wọ̀n.

Èmi náà ò lè já nọ́ńbà kan lé yín lọ́wọ́ láti ibi tí mo jókòó sí. Ara jíìpù yín lẹ ti máa rí i. Ẹ máa mọ iye kílò tó wà lórí áàsù (irin tó gbé táyà méjì) iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ máa fún táyà láfẹ́fẹ́ nígbà tó ṣì tutù, ẹ wá wo iye tó fi lé lẹ́yìn tí ẹ bá ti sáré fún bíi wákàtí kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ kó sẹ́yìn mọ́tò lónìí, ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ lálẹ́. Irin tí wẹ́dà jó mọ́ iwájú mọ́tò ò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Torí náà géèjì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ gan-an ló máa yí padà, kì í ṣe ti ọjọ́ ìrìn àjò nìkan.

Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

- Géèjì tiyín, kẹ́ ẹ má máa fi ti fọ́kánáísà nìkan ṣe é. Tiẹ̀ ti já bọ́ sórí kọnkéré láìmọye ìgbà, tí ẹ bá fi géèjì méjì wọn táyà kan náà lẹ́bàá títì ẹ máa rí i pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má bára mu. Èyí tí ẹ bá ti rà, òun náà ni kẹ́ ẹ máa lò títí, nítorí ìyàtọ̀ láàárín tútù àti gbígbóná lẹ fẹ́ mọ̀.
- Pọ́ǹpù kékeré tó ń mú iná látinú bátìrì mọ́tò. Jíìpù tó wúwo ń jẹ afẹ́fẹ́ gan-an, ẹ ra èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ẹnu bátìrì, ẹ fi èyí tí wọ́n ń kì bọ ibi ìtanná sìgá sílẹ̀ fún mọ́tò kékeré.
- Ìwé àti bírò, tàbí fóònù yín.
- Ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Tí wọ́n bá ti kùn ún lọ́dà, ẹ wá a nínú ìwé tó bá mọ́tò wá.

Nọ́ńbà méjì tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dà pọ̀

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló kọ ọ́, fún mọ́tò bó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú sáìsì táyà tí wọ́n fi sí i. Wọn ò mọ̀ pé ẹ máa gbé irin sí i. Lórí mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà, psi lẹ máa rí níbẹ̀, òun náà ni géèjì tí fọ́kánáísà máa ń pè, lórí èyí tó wá láti Dubai tàbí Yúróòpù ó lè jẹ́ kPa tàbí bar. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú: 200 kPa ni 29 psi, 220 ni 32, 240 ni 35, 250 ni 36. Bar 1 jẹ́ 14.5 psi.

Nọ́ńbà kejì ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, tí ẹ máa rí "MAX" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òpin ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dé nìyẹn, kò sọ pé kẹ́ ẹ gbé e débẹ̀. Àwọn kan á rí MAX 51 lára táyà, wọ́n á gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 50, mọ́tò á wá máa ta yìn-ìn yìn-ìn lórí títì, táyà á jẹ láàárín, tí òjò bá rọ̀ bíréèkì ò ní fẹ́ mú. Géèjì yín máa wà láàárín nọ́ńbà méjì yìí: ó máa ju ti ẹnu ilẹ̀kùn lọ díẹ̀, kò ní kọjá MAX nígbà tí táyà bá tutù.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ ka ara táyà dáadáa. Sáìsì ẹ̀ máa wà níbẹ̀, bíi 265/65R17, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan, bíi 112S. 112 yẹn ló ń sọ iye ẹrù tí táyà kan lè gbé: 110 jẹ́ 1,060 kg, 112 jẹ́ 1,120 kg, 113 jẹ́ 1,150 kg, 116 jẹ́ 1,250 kg, 121 jẹ́ 1,450 kg. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí pẹ̀lú, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà, 1823 ni ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2023. Táyà tokunbo tó ti gbó, tó ti ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu ìṣirò lórí ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

2. Ẹ wò ó bóyá LT wà níwájú sáìsì ẹ̀. LT ni táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ara ẹ̀ le, àwọn tó ń lọ oko àti kúárì fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n LT ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju táyà lásán lọ kó tó lè gbé ẹrù kan náà, ìyàtọ̀ ẹ̀ lè tó psi 5 sí 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á bọ́ táyà lásán, wọ́n á fi LT tó le bí igi sí i, wọ́n á wá fún un ní 29 tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á ní ṣebí táyà alágbára ni. Ó ń gbóná nínú ni, wọn ò rí i.

3. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ti fi kún mọ́tò sílẹ̀, àti ibi tó wà. Ibi tó wà yẹn ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n ẹ̀. Bọ́ńpà àti wíńṣì yọ síwájú kọjá táyà iwájú, bí ẹni tó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì tí òdìkejì fi gbéra ló rí. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ 95 kg, ohun tí áàsù iwájú máa gbé lè tó 120 kg, torí ó tún gbé díẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípéà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn bọ́ńpà ẹ̀yìn ṣe máa ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ ju ìwọ̀n ẹ̀ lọ, tí iwájú á sì fúyẹ́.

 Tí ẹ ò bá mọ ìwọ̀n wọn, ẹ fi èyí ṣe ìfojúdá:
 - bọ́ńpà onírin: 40 sí 80 kg. Èyí tí wẹ́dà fi irin nípọn jó ládùúgbò lè jù bẹ́ẹ̀.
 - wíńṣì tó ní wáyà onírin: 30 sí 40 kg
 - kárià irin orí òrùlé: 30 sí 50 kg, láì tíì gbé nǹkan kan lé e
 - àgọ́ tí wọ́n ń ṣí lórí kárià: 50 sí 80 kg
 - táyà sípéà kejì pẹ̀lú rímù: 30 sí 40 kg
 - bátìrì ínfátà ńlá 200Ah: bíi 60 kg
 - kẹ́ẹ̀gì 25 lítà: omi 25 kg, dísù bíi 21 kg, bẹntiróòlù bíi 18 kg

 Bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì lórí kárià, nínú oòrùn yìí? Mo ṣe ìwọ̀n ẹ̀ fún yín torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbé e ni o, mi ò ní kẹ́ ẹ máa gbé e.

4. Ẹ lọ wọn mọ́tò. Ilé ìwọ̀n ọkọ̀, wéébríìjì, wà ní ọ̀pọ̀ kúárì àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ó tún wà níbi tí wọ́n ti ń ra àgbàdo àti kasú ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ẹ bá ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ lọ nígbà tí tírélà ò tò, owó díẹ̀ ni wọ́n máa gbà, àwọn mìíì ò tiẹ̀ ní gbà nǹkan kan. Ẹ gbé mọ́tò lọ bí ẹ ṣe ń lò ó gan-an: táǹkì kún, irinṣẹ́ wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin náà jókòó síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé táyà iwájú nìkan sórí ìwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé odindi mọ́tò lé e, ẹ kọ ọ́. Ẹ wá wakọ̀ síwájú kó ku táyà ẹ̀yìn nìkan, ẹ kọ ìyẹn náà. Tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá odindi mu, ó péye.

5. Ẹ ṣe ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀. Fún iwájú, iye ìdá tí ẹrù fi lé náà ni kẹ́ ẹ fi lé afẹ́fẹ́. Tí áàsù iwájú bá fi 10% wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi 10% kún géèjì ẹnu ilẹ̀kùn, 29 á di 32. Fún ẹ̀yìn, tí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn bá ní nọ́ńbà méjì, ìkan fún mọ́tò òfìfo, ìkan fún mọ́tò tó kẹ́rù, nọ́ńbà yín wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ẹrù yín bá ṣe súnmọ́ òpin tó ni kẹ́ ẹ ṣe súnmọ́ nọ́ńbà ńlá yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni gbogbo èyí. Ìgbésẹ̀ keje ló máa sọ bóyá ẹ gbà á tàbí ẹ ò gbà á.

6. Ẹ fún táyà láfẹ́fẹ́ nígbà tó tutù. Tútù túmọ̀ sí pé mọ́tò ti dúró fún ó kéré tán wákàtí 3, nínú ibòòji, tí ẹ ò sì tíì wà á kọjá nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀. Àárọ̀ kùtù nínú ọgbà ilé yín ló dáa jù. Ìdí nìyí tí pọ́ǹpù tiyín fi ṣe pàtàkì, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà, táyà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Tí ojú ọjọ́ bá fi bíi 5 tàbí 6 ìwọ̀n Celsius gbóná sí i, psi 1 ló máa ń fi lé. Ẹ wo ọyẹ́ Ṣakí láàárọ̀ àti oòrùn ibẹ̀ lọ́sàn-án, ìyàtọ̀ psi 2 tàbí 3 wà níbẹ̀ láì tíì rìn rárá. Ẹni tó bá fún táyà ẹ̀ ní 35 láago méjì ọ̀sán nínú oòrùn, géèjì á sọ 35 fún un, ṣùgbọ́n kò ní tó 35 láàárọ̀ tó bá tutù.

7. Ẹ wò ó nígbà tó bá gbóná. Ẹ gbé mọ́tò jáde pẹ̀lú ẹrù tí ẹ sábà ń gbé, ẹ sáré déédéé bí ẹ ṣe máa ń sáré, láàárín 80 sí 100, fún bíi wákàtí kan. Ẹ yà sí ilé epo, ẹ má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsipírẹ́sì, ẹ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ẹsẹ̀.
 - Tí ó bá fi nǹkan bíi psi 4 lé ti àárọ̀, géèjì yín dáa. Fún LT, bíi 6.
 - Tí ó bá lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kéré. Ara táyà ń ká jù, ìyẹn ló ń mú un gbóná. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó bá tutù, ẹ fi 2 kún un, kẹ́ ẹ tún un dánwò.
 - Tí kò bá lé tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ yọ 1 tàbí 2 kúrò lọ́jọ́ kejì.

 Gò-síló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Tí ẹ bá fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó sójú kan lọ́nà Lagos sí Ìbàdàn, táyà ti tutù padà, ohun tí géèjì bá sọ níbẹ̀ ò wúlò. Ẹ ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ Sunday.

8. Ẹ kọ nọ́ńbà yín síbi tí ẹ máa ti rí i. Mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìwé ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú sẹ́lótéèpù: iwájú, ẹ̀yìn láì kẹ́rù, ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrù. Ẹnikẹ́ni tó bá wa mọ́tò náà á rí i.

Àpẹẹrẹ kan, Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin

Ká ní ìwé ẹnu ilẹ̀kùn sọ pé 29 níwájú, 29 lẹ́yìn tí kò bá kẹ́rù, 36 lẹ́yìn tó bá kẹ́rù. Kí wọ́n tó fi nǹkan kan kún un, iwájú jẹ́ 1,150 kg, ẹ̀yìn 850 kg. Òpin tí áàsù ẹ̀yìn lè gbé, ká ní 1,700 kg ni.

Olówó ẹ̀ ti fi bọ́ńpà, wíńṣì, kánópì, kárià, sípéà kejì àti àpótí irinṣẹ́ sí i. Wéébríìjì wá sọ pé iwájú 1,290, ẹ̀yìn 1,190.

Iwájú fi 140 kg lé, ìyẹn bíi 12%. 29 pẹ̀lú 12% jẹ́ 32 àti ààbọ̀, ẹ gbé e sí 33.

Ẹ̀yìn: láti 850 dé 1,700, ààyè 850 kg ló wà níbẹ̀, psi 7 ló sì wà láàárín 29 àti 36. Ó ti lo 340 kg nínú ẹ̀, bíi ìdá méjì nínú márùn-ún, ìyẹn psi 3. Ẹ̀yìn máa jẹ́ 32 lójoojúmọ́. Tí èèyàn bá kún inú ẹ̀ tí wọ́n tún kó ẹrù sẹ́yìn títí tó fi di 1,500 kg, ó ti lo bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ gbé e sí 35.

Ọjọ́ ìdánwò, pẹ̀lú ẹrù: 33 iwájú di 36, 35 ẹ̀yìn di 41. Iwájú fi 3 lé, ó súnmọ́ 4, kò burú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yìn fi 6 lé, ó pọ̀ jù, torí náà ìṣirò wa kéré fún táyà yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé ẹ̀yìn sí 37, lẹ́yìn wákàtí kan ó di 41. Ó parí síbẹ̀, 33 iwájú, 37 ẹ̀yìn tó bá kẹ́rù. Ẹ wò ó pé 41 kan náà ló dé nígbà tó gbóná, ìyàtọ̀ ni pé kò ní láti gbóná tó ti tẹ́lẹ̀ kó tó débẹ̀.

Nọ́ńbà Hilux yìí kì í ṣe tiyín o. Bí wọ́n ṣe rí i lẹ fẹ́ mú lọ.

Ẹ ò rí wéébríìjì?

Ẹ lo ìwé ìfojúdá òkè yẹn, ẹ kó ohun tó wà níwájú táyà iwájú sápá kan, ohun tó wà lórí òrùlé ẹ pín in sí méjì, ìyókù sẹ́yìn, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó wúwo jù. Lórí nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ fi 3 kún iwájú tí bọ́ńpà àti wíńṣì bá wà níbẹ̀, ẹ fi 4 kún ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ lọ tààrà sí ìgbésẹ̀ kẹfà àti ìkeje. Táyà gbígbóná ò mọ irọ́ pa, á mú yín débi tó yẹ, ó kàn lè gbà yín ní ìdánwò kan tàbí méjì sí i ni.

Ọ̀nà mìíì tó wà ni ẹfun. Ẹ fa ìlà ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì nípọn kọjá lórí táyà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ẹ wakọ̀ tààrà lórí títì tó tẹ́jú fún ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Tó bá jẹ́ àárín nìkan ló pa rẹ́, afẹ́fẹ́ pọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan, ó kéré. Kò péye tó géèjì, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ kíákíá.

Tí ọ̀nà bá yí padà

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, orí títì ọlọ́dà ni. Jíìpù yín á kúrò lórí títì lọ́jọ́ kan, àbí kí lẹ ra wíńṣì fún?

Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa, bíi èyí tó wọ inú ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé láti Sẹpẹ̀tẹ́rí, tó máa ń di gbágungbàgun bí ẹ̀rùn bá ti mú: ẹ yọ bíi ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, 35 á di 28. Ẹ má sáré ju 80 lọ, 60 ló tiẹ̀ tù mí lára jù. Ìdánwò tútù àti gbígbóná wúlò níbí náà.

Ẹrẹ̀ ìgbà òjò: láàárín 22 àti 26. Kẹ́ ẹ rọra.

Yanrìn etí òkun, Èlékò tàbí Badagry: jíìpù tó fúyẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ dé 15 tàbí 16, tiyín tó gbé irin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20, tó bá ń rì ẹ dín in kù dé 18. Ẹ má sáré ju 30 sí 40 lọ, ẹ má sì já kọ̀ọ̀nù gbọ̀ọ́, torí táyà tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè bọ́ kúrò lára rímù, iwájú tó wúwo ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́. Tí pọ́ǹpù yín ò bá sí nínú mọ́tò, ẹ má yọ afẹ́fẹ́ rárá. Mo rí àwọn tó yọ ọ́ wọ etí òkun, tí wọ́n wá fi 18 wakọ̀ padà lórí títì nínú ìrètí pé fọ́kánáísà wà níwájú. Táyà kan lè bẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ti gálọ́ọ̀pù orí títì ńkọ́? Ibẹ̀ ló nira jù, torí afẹ́fẹ́ tó kéré á jẹ́ kí rímù ká, èyí tó pọ̀ jù á jẹ́ kí inú táyà já, ẹ máa rí i tó yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi í sí géèjì yín tó péye, ẹ fẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Kò sí nọ́ńbà tó gba èèyàn lọ́wọ́ kòtò ní 110.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó burú jù ni yíyọ afẹ́fẹ́ táyà tó gbóná. Ẹ yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan lẹ́bàá títì lẹ́yìn ìrìn àjò, ó ti géèjì bọ̀ ọ́:

"Bàbá, táyà yín ti le jù o, 41 ló wà. Ẹ jẹ́ n jò ó wá sí 35."

"Rárá, àbúrò. Ìrìn ló mú un gbóná, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ó lè bẹ́ o."

Ó ń bá yín rò ó ni, ẹ má bínú sí i, ṣùgbọ́n tó bá jò ó wá sí 35, láàárọ̀ ọ̀la nígbà tó bá tutù, bíi 31 lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ó sì gbé ẹrù lé e lọ. Afẹ́fẹ́ tó kéré ló ń bẹ́ táyà lójú oòrùn wa yìí.

Àwọn yòókù:

- Gbígbọ́kàn lé iná táyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lórí jíìpù Amẹ́ríkà, iná yẹn kì í tàn títí afẹ́fẹ́ fi fi ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn. Tí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ 32, ó di 24 kó tó tàn. Ẹ̀yin tí táyà ẹ̀yìn yín nílò 38 ti wà nínú ewu tipẹ́tipẹ́.
- Géèjì kan náà yípo. Ó rọrùn fún fọ́kánáísà, kò bá mọ́tò yín mu.
- Sáìsì táyà yí padà, nọ́ńbà ò yí padà. Ìwé ẹnu ilẹ̀kùn ò mọ táyà tuntun yín.
- Èrò pé náítírójìn máa yanjú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán tí a ń mí, 78% ẹ̀ náà náítírójìn ni. Ẹ rà á tó bá wù yín, ẹ ṣì máa wọn táyà.
- Kò sí ìdérí fáàfù. Yanrìn á wọ ẹnu ẹ̀, á máa jò díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè ṣe

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ GVM tàbí GVWR sí lára mọ́tò, gbogbo ìwọ̀n tí mọ́tò gbọ́dọ̀ jẹ́ tòun ti èèyàn, epo àti ẹrù nìyẹn. Àyíká 3,000 kg lọ̀pọ̀ Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin wà. Irin tí ẹ fi kún un ti jẹ nínú ẹ̀. Tí wéébríìjì bá sọ pé ẹ ti kọjá ẹ̀, tàbí áàsù kan ti kọjá tiẹ̀, ẹ má fi afẹ́fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀: bíréèkì, bíárìn àti ṣọ́ọ̀kì ò mọ̀ pé táyà le. Ẹ sọ nǹkan kalẹ̀. Kárià tí kò gbé nǹkan kan láti ọdún tó kọjá ni mo máa kọ́kọ́ tú.

Tí ẹ̀yìn mọ́tò bá ti jókòó, tí iwájú ń wo ojú ọ̀run, sípíríǹgì lẹ nílò, kì í ṣe pọ́ǹpù.

Jíìpù tí wọ́n fi irin tó ń dá ọta dúró bò ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀. Irin yẹn lè fi tọ́ọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún un, nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn ò wúlò níbẹ̀ mọ́, ìdánwò inú ìtọ́sọ́nà yìí náà ò tó o. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.

Kẹ́ ẹ tó gbéra

- mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tó tutù, pẹ̀lú géèjì tiyín
- ẹ̀yìn: tòní kẹ́rù àbí kò kẹ́rù?
- ẹ̀gbẹ́ táyà: kókó, ibi tó gé, ìṣó
- pọ́ǹpù wà nínú mọ́tò, wáyà ẹ̀ sì dé táyà ẹ̀yìn
- sípéà

Sípéà làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, pàápàá èyí tó há sábẹ́ mọ́tò. Ẹ fún un ní géèjì tó ga jù nínú tiyín, ti ẹ̀yìn tó kẹ́rù, torí ó rọrùn láti yọ afẹ́fẹ́ lójú títì ju kẹ́ ẹ máa wá a lọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ẹ fà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì fi epo sí ṣéènì tó gbé e, torí tó bá ti dógùn-ún, kò ní sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò ẹ̀.